Pọ́ǹpù Tí Àwọn Ìyàwó Kò Lè Dárúkọ Rẹ̀

Ní Akpassi, ní ilẹ̀ Bantè, bí o bá ní kí wọ́n fi ìyàwó tí ẹnu rẹ̀ ń ṣọ́ra jù hàn ọ́, Noémie ni wọn yóò nawọ́ sí. Kì í ṣe pé kò lè sọ̀rọ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ létí odò, àwọn obìnrin a gbé korobá kalẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹnu rẹ̀ a máa rọra rìn bí ẹni tó ń gba orí igi kan ṣoṣo sọdá odò. Ó nídìí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé ọkọ, orúkọ ló kó o sí ìjàngbọ̀n.

Ọmọ ẹ̀yà Mahi, tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, ni Noémie, Savalou ni wọ́n bí i sí. Olùkọ́ ìjọ Kátólíìkì kan ló tọ́ ọ dàgbà, nínú ilé náà, orúkọ ìrìbọmi ni wọ́n fi ń pe tọmọdé tàgbà, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Ibẹ̀ ló ti pàdé Célestin, ọmọ Akpassi tó wá kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ kó iṣu ló gbé ìyàwó àti àpótí rẹ̀ wá sílé ọkọ. Ọdún 1974 ni. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀ títí kò fi yàtọ̀ sí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà.

Àwọn ìyá àgbà ilé náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Ọmọ àlejò, ta lo wá bá nílé yìí?"

Noémie kúnlẹ̀. Láti Savalou ló ti ń kọ́ gbólóhùn kan ní èdè Ìṣà tí wọ́n ń sọ ní Akpassi, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá. Bàbá Ọ̀ṣuntókun ni mo wá bá. Èmi ni ìyàwó Célestin."

Ilé dàrú.

"Yéè! Ẹ gbà mí! Ó pe baba ọkọ, ó tún pe ọkọ!"

"Ìṣẹ́jú kan náà ló pe méjèèjì, kò tilẹ̀ dánu dúró kó mí!"

"Kò tíì tú ẹrù, ó ti tú orúkọ!"

Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Kì í pe ti baba ọkọ. Kódà ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bá ti bí sínú ilé náà kí ìyàwó tó dé, ọkọ ló jẹ́ fún un, àfi kó wá orúkọ mìíràn tí yóò máa fi pè é. Noémie kò mọ èyí. Ó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé sì ti ń la ọ̀nà méjì gba inú eruku ojú rẹ̀ kọjá.

Ìgbà náà ni Bàbá Ọ̀ṣuntókun jáde síta. Òun ni délégé lásìkò yẹn, olórí tí ìlú fà kalẹ̀ tí ìjọba sì mọ̀. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ kì í kánjú. Ó wo ìyàwó, ó wo àwọn ìyá, ó padà sínú ilé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi nínú àmù, ó sì gbé igbá náà wá fún ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ sílẹ̀. Délégé ń bu omi fún ìyàwó!

"Ẹ jẹ́ ó mumi ná," ni bàbá wí. "Àlejò tí kò tíì mumi, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kì í ṣe tirẹ̀, ti òùngbẹ ni."

Noémie mu omi náà tán pátápátá. Ìyá àgbà tó kọ́kọ́ pariwo wá sọ fún un pé kí ó fún baba ọkọ rẹ̀ lórúkọ tí yóò máa pè é, kí ẹ̀bi lè tán. Kò ronú jìnnà.

"Bàbá Mumi-ná," ni ó wí.

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín, délégé náà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi fẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Bó ṣe di orúkọ nìyẹn. Gbogbo ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn Noémie, Bàbá Mumi-ná ni wọ́n bá lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń pè é.

Ó wá orúkọ fún àwọn yòókù pẹ̀lú. Célestin di Ọ̀gá Onígi. Hyacinthe, ọmọ àbúrò bàbá, tó jẹ́ ọmọ ilé ìwé nígbà náà, tí tàdáwà kì í kúrò níka ọwọ́ rẹ̀, di Akọ̀wé. Ọmọ náà kéré sí i gan-an, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Inú Hyacinthe máa ń dùn sí orúkọ náà débi pé kì í tètè dáhùn, kí wọ́n lè pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Omi ni ìyà tó ń jẹ Akpassi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kànga a gbẹ, odò a di ẹrẹ̀, àwọn obìnrin a sì rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí títí ọrùn wọn á fi fẹ́ wọnú èjìká. Bàbá Ọ̀ṣuntókun kò lè wò ó níran. Kẹ̀kẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ṣéènì rẹ̀ máa ń já nígbà tó bá wù ú. Orí rẹ̀ ni bàbá ń gùn lọ sí Bantè, nígbà mìíràn títí dé Savalou, láti bẹ ìjọba kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ omi fún Akpassi. Wọn a ní kó máa lọ, pé ó ń bọ̀. Bó bá padà dé, àwọn obìnrin a yí i ká.

"Bàbá, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ń bọ̀."

"Ó mà ń pẹ́ o! Àbí òun náà ń fi ẹsẹ̀ rìn ni?"

Bàbá a rẹ́rìn-ín, a tún ṣéènì rẹ̀ ṣe, a sì tún lọ nígbà mìíràn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí kò lè dá ihò mọ̀ yàtọ̀ sí òjìji lójú ọ̀nà mọ́. Ó kó iṣẹ́ délégé sílẹ̀, ó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fi Hyacinthe rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́dún 1986, ni ọkọ̀ tó ń gbẹ́ omi dé sí Akpassi, àfi bí ẹni pé ó ti ń dúró kí bàbá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n gbé wá, irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí omi tó jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ dán an wò, omi rẹ̀ mọ́, ó tutù, wọ́n sì fi àgádágodo tì í di ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Noémie ni wọ́n yàn, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára, àti nítorí pé tí ìjà bá bẹ́ létí omi, òun ló mọ ẹ̀fẹ̀ tí yóò fi pa á. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi gírísì sí i, bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ yí i ká kí ẹlẹ́dẹ̀ má bàa wá yí ẹrẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Noémie so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ okùn, ó fi kọ́ ọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀. Bó bá ń rokà, ọwọ́ òsì rẹ̀ a lọ kàn án. Láti ìgbà tó ti wọ Akpassi gẹ́gẹ́ bí àlejò, kò tíì sí ohun kan tí gbogbo ìlú fi lé e lọ́wọ́ rí. Èyí ni àkọ́kọ́.

Àwọn ọkùnrin ṣèpàdé lórí orúkọ tí wọn yóò sọ pọ́ǹpù náà. Ọ̀rọ̀ kò pẹ́ rárá. Ta ló gun kẹ̀kẹ́ nítorí omi? Bàbá Ọ̀ṣuntókun ni. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Bíríkìlà sì kọ ọ́ gàdàgbà sára sìmẹ́ńtì tútù pé: POMPE OSUNTOKUN. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ọkùnrin kan tó rántí pé ọkùnrin kọ́ ló ń pọn omi. Agbo ilé Ọ̀ṣuntókun ló tóbi jù lágbègbè náà, àwọn ìyàwó ibẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí yóò máa gbé korobá lọ síbẹ̀.

Àwọn ìyàwó náà wá wo ohun tí wọ́n kọ. Èyí tó mọ̀wé kà á sínú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni wọ́n kọ?"

"N kò lè sọ ọ́."

"Orúkọ wọn ni?"

"Tiwọn ni."

"Ó parí! Báwo la ó ṣe máa rán ọmọ níbẹ̀? A ó ní, 'Sáré lọ pọn omi wá nílé ẹni tí n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ'?"

"Ọmọ á sá wọnú igbó Agoua lọ, á rò pé orò ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìró ìdí wọn fi tú. Noémie náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí Hyacinthe délégé wá sílé wọn lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Kámárádì ìyàwó," ni Hyacinthe wí. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìgbà náà ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn; láti ìgbà tó sì ti di délégé, kò sẹ́ni tí kì í pè ní kámárádì, àti ìyá tó bí i lọ́mọ. "Bí olórí dísíríkì bá ti Bantè dé lọ́jọ́ náà, ìwọ lo máa dúró níwájú pọ́ǹpù. Wàá pe orúkọ rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé gbọ́, lẹ́yìn náà wàá ṣí i."

"Akọ̀wé, ọkọ mi, orúkọ wo?"

"Èyí tó wà lára rẹ̀."

"Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kò lè gbé e."

"Ayé ti yí padà, kámárádì. Àṣà àtijọ́ ti lọ. Ọkọ, ìyàwó, àgbà, ọmọdé, ọgbọọgba ni gbogbo wa. Orúkọ kì í gé ènìyàn jẹ."

Noémie ní, "Ó dáa náà. Ṣé kí n kúkú ti ọ̀dọ̀ yín bẹ̀rẹ̀? Bí mo bá rí yín lọ́jà lọ́la, kí n ké e pé, 'Hya...'"

"Háà!" Hyacinthe ti fò dìde lórí àpótí. "Ìyẹn yàtọ̀! Ìyẹn yàtọ̀! Délégé ni mí!"

Célestin tó ń fá pákó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dojú bolẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìṣó. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Ṣùgbọ́n Hyacinthe kò rẹ́rìn-ín. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Mo fẹ́ kí olórí dísíríkì gbọ́ orúkọ bàbá wa lẹ́nu obìnrin tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Bí ìwọ kò bá lè pè é, Rafiatou lè pè é, kò fẹ́ ọkọ nílé wa. Ẹni tó bá pe orúkọ ló ni kọ́kọ́rọ́." Ó sì lọ.

Rafiatou ni ọ̀rẹ́ Noémie. Wahab ọkọ rẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, ló ń ta epo mọ́tò nínú ìgò lẹ́bàá títì. Rafiatou fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́. "Wọ́n ti wá bá mi o, Noémie. Mo ní màá pè é. Ṣé kí n ní rárá ni? Ẹnu tèmi kò ní àgádágodo." Ó wá wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ṣé inú bí ọ?"

"Kò bí mi," ni Noémie wí, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára kọ́kọ́rọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá. Bàbá ti ní kí wọ́n fọ agbádá òun funfun, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó bá ká nínú rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Noémie ro gbogbo ọ̀rọ̀ fún un.

Bàbá mi kanlẹ̀. "Ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo gun kẹ̀kẹ́ nítorí omi yìí títí gàárì rẹ̀ fi mọ ìdí mi dunjú. N kò lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ mọ́. Etí ló kù tí mo lè fi jẹ̀gbádùn rẹ̀. Ó wù mí kí n gbọ́ ọ."

"Ẹ fún mi láyè nígbà náà, bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ní tèmi, mo fún ọ láyè. Àwọn ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn ńkọ́?"

Ohùn kan ti ẹnu ọ̀nà wá: "A ń gbọ́ o! Kò sáyè!"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọwọ́ lé e lórí. "Máa lọ, ọmọ mi. Ọjọ́ tí kò tíì dé, a kì í bá a ja ìjàkadì."

Ọjọ́ náà dé. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to ìjókòó ilé ìwé síwájú pọ́ǹpù. Wọ́n fi bàbá sórí àga onírọ̀rí, agbádá rẹ̀ ń tàn. Hyacinthe ti ṣe òfin kan: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé omi àmù wá síbẹ̀. Omi àkọ́kọ́ tí àlejò yóò fi sẹ́nu ní Akpassi, láti inú pọ́ǹpù tuntun ni kó ti wá. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kò gbọ́dọ̀ ṣí kí wọ́n tó pe orúkọ, wọn kò ní pe orúkọ kí ọ̀rọ̀ ìkíni tó parí, ọ̀rọ̀ ìkíni Hyacinthe sì gùn ju ọ̀nà Savalou lọ.

Olórí dísíríkì pẹ́ kó tó dé. Ọ̀nà kò dára, eruku ti sọ irun rẹ̀ di pupa. Wọ́n fi í jókòó, kò sẹ́ni tó fún un lómi. Hyacinthe kí i, ó kí ìjọba, ó kí àwọn òṣìṣẹ́, ó kí àwọn àgbẹ̀ oníkajú, ó tún padà kí ìjọba. Oòrùn gun orí àtíbàbà. Nígbà tó wá kan àlejò láti sọ̀rọ̀, ó dìde, ó la ẹnu, ikọ́ ló jáde. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ikọ́ tún gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Àlejò tí kò tíì mumi ni wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀ yìí?"

Òógùn bo Hyacinthe. "Kámárádì Noémie, bọ́ síwájú! Pe orúkọ kíákíá, kí a ṣí i!"

Noémie bọ́ síwájú. Ó la ẹnu. Ó rí bàbá tó na etí, tó rọra ń rẹ́rìn-ín. Ó rí àwọn ìyá tí wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ pa dé.

"Rafiatou!" ni Hyacinthe ké.

Rafiatou ti múra dáadáa. Ó rìn bọ̀ pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fa èémí. Ojú rẹ̀ bá ṣe kòńgẹ́ bàbá. Ibi tí Wahab gbé ń ta epo, bàbá yìí ló fi ta á lọ́rẹ. Rafiatou tú èémí náà jáde.

"Ẹ dárí jì mí, délégé. Wahab kì í jẹ ẹran iléyá kó tó wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yìí. Ẹni tí ọkọ mi ń pè ní bàbá, kí wá ni tèmi? Ẹnu tèmi náà ti há."

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, Hyacinthe gbé ọwọ́ lérí. Ikọ́ tún gbé àlejò.

Noémie kò ronú mọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí àgádágodo, ó gbé ẹsẹ̀ lé irin, ó tẹ̀ ẹ́. Pọ́ǹpù náà kérora, ó sì tu omi jáde, omi tó ń dán bíi dígí. Ó bu igbá kan kún, ó gbé e lọ síwájú àlejò, ó kúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ nínú eruku lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sókè, gbogbo wọn gbọ́ ọ.

"Ẹ mumi ná!"

Ìyá àgbà tó pariwo lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ dìde. "Ó ti pè é! Ẹ ò gbọ́ ni? Ó ti pe orúkọ o!"

"Mumi-ná!" ni àwọn ìyàwó ilé dáhùn. "Pọ́ǹpù Mumi-ná!" Àwọn ọmọ gbà á lẹ́nu wọn. Rafiatou gbà á, ohùn tirẹ̀ ló ga jù.

Olórí dísíríkì mumi tán, ó ní kí wọ́n bu òmíràn. Nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ ṣí, ó bi Hyacinthe ní èdè Faransé pé kí ni wọ́n ń pariwo. Hyacinthe fẹ́ ṣàlàyé, àlàyé náà lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá ló dìde, ó di apá àga mú.

"Èmi nìyẹn," ni ó wí. "Èmi ni wọ́n ń pè. Mo gbọ́ o!"

Ó wá sọ ìtàn náà fún àlejò, láti orí ọkọ̀ akẹ́rù títí dórí igbá omi, Hyacinthe sì ń túmọ̀ rẹ̀ gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn. Àlejò rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti pe orúkọ fún òun níbi púpọ̀, àmọ́ wọn kò tíì bu orúkọ sínú igbá fún òun mu rí. Ó wá béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú pọ́ǹpù náà.

Hyacinthe wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ Noémie. Ó wúkọ́. "Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá pe orúkọ ni. Ìyàwó wa ló pè é."

Noémie dá kọ́kọ́rọ́ padà sọ́rùn.

Orúkọ tí bíríkìlà kọ ṣì wà lára sìmẹ́ńtì, kò sẹ́ni tó pa á rẹ́, àwọn tó mọ̀wé sì ń kà á. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn Akpassi, Mumi-ná ni. Lọ́jọ́ kan, Noémie ń gbálẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn Hyacinthe lókèèrè tó ń rán ọmọ rẹ̀: "Gbé korobá, sáré lọ sí Mumi-ná!"

"Kámárádì Akọ̀wé," ni Noémie ké sí i, "ibo lẹ ní kó lọ?"

Hyacinthe ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá ti ní kí wọ́n gbé àga òun sábẹ́ igi kajú tó wà nítòsí pọ́ǹpù. Ibẹ̀ ló ń jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀, tó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà sínú korobá. Bí ìyàwó kan bá ké sí èkejì rẹ̀ lójú ọ̀nà pé, "Ṣé Mumi-ná lò ń lọ?", kí èkejì tó dáhùn, bàbá a ti dáhùn láti abẹ́ igi:

"Ẹ máa bọ̀, mo wà nílé!"